Ọ̀pọ̀lọ́ Tí Ó Jókòó Sí Gbangba: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Àrùn Tí Ń Pa Àwọn Jomijòkè

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi, mi ò dá a mọ̀. Ó jẹ́ ọdún kẹta tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú kan tí a ti ń sin àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tí ó kù díẹ̀ kí irú wọn parun. Mo wọ yàrá wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo sì bá ọ̀kan tí ó jókòó sórí òkúta ní gbangba, lábẹ́ iná, tí ó tẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ dípò kí ó ká a mọ́ abẹ́ ara. Òru ni irú rẹ̀ máa ń jáde. Abẹ́ ewé ni ó máa ń wà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé ojú rẹ̀ ti mọ́ wa ni kò ṣe sá mọ́, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà pé: “Ó ti ń mọ̀ wá.” Ní ọjọ́ kejì, ibi tí ó jókòó sí náà ni mo ti bá òkú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, 14 nínú àwọn 41 tí a ní ti kú.

Omi ni a kọ́kọ́ fura sí. A yí i padà, a wọ̀n ọ́n, a tún un wọ̀n, kò sí ohun tí ó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan nínú wa rí i pé abẹ́ itan àwọn kan pọ́n, ó sì rántí àrùn tí àwọn olùtọ́jú ìgbà àtijọ́ ń pè ní “ẹsẹ̀ pupa”, èyí tí wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru Aeromonas, bakitéríà kan tí kò sí ibi tí kì í gbé nínú omi. A bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn bakitéríà, a sì fi odindi ọjọ́ mẹ́rin ṣòfò sórí rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àmì lásán ni ẹsẹ̀ pupa jẹ́ àti pé àrùn tí ó lè fà á ju ẹyọ kan lọ, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà, bakitéríà tí a bá rí lára òkú kò ṣe ju pé ó gba ẹnu ọ̀nà tí nǹkan mìíràn ti ṣí sílẹ̀ wọlé.

Nígbà tí oníṣègùn ẹranko dé, kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀. Ó ní kí n fi omi inú àpótí dígí náà hàn òun. Awọ tín-ín-rín tín-ín-rín tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń bọ́ léfòó nínú rẹ̀ bí ọ̀rá. Ọjọ́ mélòó kan ni mo ti ń fi àwọ̀n kó o kúrò láìbi ara mi léèrè ìdí tí ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹyọ kan sábẹ́ maikirosikópù, ó pè mí pé kí n wá wò ó. Ohun tí mo rí jẹ́ nǹkan roboto roboto bí ìkòkò kékeré, tí àwọn mìíràn sì ní ọrùn tí ó yọ síta. Mo padà kà á pé láti inú èdè Gíríìkì ni orúkọ ìdílé kòkòrò náà ti wá, ìkòkò kékeré gan-an ni ó sì túmọ̀ sí.

Batrachochytrium dendrobatidis ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, Bd sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe bakitéríà. Ìbátan olú àti ohun tí ń mú kí oúnjẹ bu ni. Ọdún 1998 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde pé òun ni ó wà nídìí ikú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ nínú igbó Ọsirélíà àti ti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1999 ni wọ́n fún un lórúkọ, láti ara ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ búlúù kan tí ó kú sí ọgbà ẹranko ní Washington. Mo fẹ́ kí a kíyè sí ìyẹn dáadáa: inú àkámọ́ ni èyí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ti jáde.

Ìrù kan ṣoṣo ni irúgbìn rẹ̀ ní, òun ni ó sì fi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Bí ó bá ti kan awọ, a wọnú rẹ̀, a di ìkòkò, láàárín ọjọ́ 4 sí 5 ìkòkò náà a sì tú irúgbìn tuntun jáde, tí àwọn kan yóò bọ́ sínú omi tí àwọn yòókù yóò sì tún padà wọ ara ẹran kan náà. Nígbà kan rí, mo gbà pé àrùn awọ lè yọ ẹran lẹ́nu, ṣùgbọ́n pé kò lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èmi ni mo gbàgbé ohun tí awọ jẹ́ fún àwọn jomijòkè, ìyẹn àwọn ẹran bí ọ̀pọ̀lọ́ tí ń gbé inú omi tí wọ́n sì ń gbé orí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í fi ẹnu mu omi. Awọ ni ó fi ń mu ún, awọ ni ó fi ń ran ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́ láti mí, awọ náà ni ó sì fi ń ṣọ́ iyọ̀ inú ara rẹ̀ kí ó má baà ṣàn jáde. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé bí Bd bá ti ba awọ yìí jẹ́, iyọ̀ sódíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ títí ọkàn yóò fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀lọ́ tí mo ní ó ti ń mọ̀ wá kò lágbára àtiká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ni.

Ohun mìíràn tí ó tàn wá jẹ ni àwọn ọmọ tí wọn kò tíì hu ẹsẹ̀. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, kò sí èyí tí ó kú nínú wọn, àwa náà sì ti ń fọkàn balẹ̀ pé wọn yóò rọ́pò àwọn òbí wọn. Ṣùgbọ́n inú ohun líle tí ó wà nínú awọ, irú èyí tí èékánná wa fi le, ni Bd ń gbé, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ṣì wà nínú omi kò sì ní in níbòmíràn ju ẹnu lọ. Nítorí náà, ẹnu wọn ni àrùn náà sá pamọ́ sí. Nígbà tí ẹsẹ̀ hù tán tí ìrù wọlé, tí awọ wọn di awọ àgbà, ó bá awọ náà tàn ká gbogbo ara. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè odò tán ni wọ́n ń kú, lẹ́yìn tí a ti rò pé wàhálà ti kásẹ̀ nílẹ̀.

A wá jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ láti mọ ibi tí ó ti wọlé. Ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú ikú àkọ́kọ́, a ti gba kọ̀ǹkọ̀ ńlá mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tí ń sìn wọ́n fún ẹran jíjẹ, kí àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lè fi wọ́n kọ́ bí a ṣe ń di ẹran náà mú láìpa á lára. Yàrá tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ sí kún fún páálí, a sì kó wọn sí igun yàrá àwọn ọ̀pọ̀lọ́ wa “fún ọjọ́ díẹ̀”. Àwọ̀n kan náà ni a fi ń kó wọn. Kọ̀ǹkọ̀ Àríwá Amẹ́ríkà ni wọ́n, Lithobates catesbeianus, irú èyí tí wọ́n ń sìn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé, tí ó lè gbé Bd kiri láìsí àmì kankan. A fi òwú nu ikùn àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, a fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò PCR, èyí tí ń wá àbùdá kòkòrò náà, márùn-ún nínú mẹ́fà ni ó sì gbé àrùn náà. Ojú wọn ń dán, oúnjẹ ń wọ̀ wọ́n lára ju gbogbo ẹran tí ó wà nínú ilé náà lọ. Mi ò dá ẹni tí ó fún wa lẹ́bi, nítorí kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohunkóhun; èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé gbígbà wọn.

Bí a ti ń ṣe ní ilé wa kékeré yìí ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe káàkiri ayé fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwádìí nípa àbùdá Bd tí ó jáde ní ọdún 2018 tọpa rẹ̀ dé Ìlà-Oòrùn Éṣíà, ní ẹ̀gbẹ́ Kòríà, ó sì fi hàn pé ìtànkálẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí kíkó ẹran láti ilẹ̀ kan dé òmíràn ń gbilẹ̀. Wọ́n kó ọ̀pọ̀lọ́ fún jíjẹ, wọ́n kó o fún títọ́jú nílé bí ohun ọ̀sìn, láti àwọn ọdún 1930 sì ni wọ́n ti ń kó Xenopus, irú ọ̀pọ̀lọ́ inú omi kan, láti gúúsù Áfíríkà lọ sí àwọn ilé ìwòsàn, nítorí pé wọ́n ń fi í mọ̀ bóyá obìnrin ti lóyún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe ìṣirò àdánù náà ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé ó kéré tán irú jomijòkè 501 ni àrùn yìí ti mú kí iye wọn dín kù, tí wọ́n sì gbà pé 90 nínú wọn ti parun. Mi ò mọ àrùn mìíràn tí ó ti ṣe irú èyí sí oríṣi ẹran tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sì máa ń dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé àwọn ọdún 1980 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹran wọ̀nyí lọ, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ó mọ orúkọ ohun tí ń pa wọ́n.

Ní ti ìtọ́jú, oògùn wà. Itraconazole tí a pò mọ́ omi ni oníṣègùn wa lò. A ń wẹ ọ̀pọ̀lọ́ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 lójoojúmọ́, fún ọjọ́ 11, a sì ń gbé e padà sínú ibùgbé tuntun tí a ti gbẹ tí a sì ti pa kòkòrò inú rẹ̀, torí pé ibùgbé àtijọ́ lè dá àrùn padà sí i lára ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Àwọn ọmọ inú omi kò lè fara da ìwọ̀n oògùn tí àgbà ń gbà, díẹ̀ nínú wọn sì kú kí a tó dín in kù. Ẹnìkan dábàá pé kí a mú kí yàrá gbóná, nítorí pé ìwọ̀n ooru 17 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó tẹ́ Bd lọ́rùn jù, ó sì máa ń dáwọ́ ìdàgbàsókè dúró bí ooru bá ti lé ní nǹkan bí 28. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ odò orí òkè ni ọ̀pọ̀lọ́ tiwa. Ooru tí yóò pa àrùn náà yóò kọ́kọ́ pa òun. Inú mi sì dùn nígbà tí mo kà á ní ọdún 2024 pé ní Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ ti fi bíríkì oníhò tí wọ́n kùn ní dúdú sínú ilé kékeré tí oòrùn ń mú gbóná, tí irú ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ara rẹ̀ gba ooru sì ń fúnra rẹ̀ wọ inú ihò náà lọ yá ara, tí àrùn sì ń kúrò. Ohun tí ó bá ọ̀kan mu ni, kò bá gbogbo wọn mu. Àwọn 19 ni ó là á já nínú tiwa.

Mo rò pé mo ti kẹ́kọ̀ọ́ tán. Lẹ́yìn ọdún méjì ni mo lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa salamáńdà ńlá ilẹ̀ Ṣáínà, Andrias davidianus, jomijòkè onírù kan tí ó jọ alángbá, tí ó lè gùn tó mítà 1.8, tí ó sì wà lára àwọn tí ewu ìparun wọn le jù lọ. Nínú igbó, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nínú oko ìsìn, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Shaanxi, wọ́n ń sìn ín lọ́pọ̀ yanturu fún jíjẹ. Láti ọdún 2010 ni àrùn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà nínú àwọn oko wọ̀nyí: ara á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ lábẹ́ awọ, egbò á bo ara, ẹran náà á kọ oúnjẹ, á sì kú. Fáírọ́ọ̀sì ni èyí, láti inú ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní ranavirus, kò sì sí oògùn tí ń wò ó. Bd ń kú bí a bá sá nǹkan gbẹ dáadáa; ranavirus le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè fara pamọ́ sínú omi àti ẹrẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kì í sì í fi mọ sọ́dọ̀ àwọn jomijòkè. Àwọn irú rẹ̀ kan ń mú ẹja, wọ́n sì ń mú alábahun inú omi pẹ̀lú. Àjọ Àgbáyé fún Ìlera Ẹranko ti fi àrùn méjèèjì sí ara àwọn tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ kéde láti ọdún 2008, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ ni mò ń ṣe láti ọdún wọ̀nyí tí mi ò sì mọ̀.

Ohun tí ó mú mi lẹ́mìí kọjá àrùn inú oko. Wọ́n ti ń mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún salamáńdà láti oko lọ tú sínú odò, ní èrò pé wọ́n ń mú kí igbó tún ní ẹran. Ìròyìn méjì jáde ní ọdún 2018. Ọ̀kan sọ pé àwọn olùwádìí wá a kiri ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ 97, 24 péré ni wọ́n rí, àwọn yẹn pàápàá sì jọ ọmọ oko tí wọ́n tú sílẹ̀ tàbí tí ó sá jáde. Èkejì sọ pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní irú kan ṣoṣo jẹ́ irú márùn-ún, ó kéré tán, tí oko ti ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá tú ẹran tí kò ṣàyẹ̀wò rẹ̀ sínú odò kò dá igbó sí. Ó ń fi àrùn ṣọwọ́ síbẹ̀ ni. Oko tí ẹran ti ń fara gbún ara nínú omi kan náà ni àrùn ti ń rí ààyè gbilẹ̀, odò tí ẹran ibẹ̀ kò pọ̀ mọ́ sì ni irú àrùn bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn tí ń sìn fún jíjẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Ní erékùṣù Mallorca, ní Sípéènì, irú ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà tí akọ rẹ̀ máa ń so ẹyin mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé kiri. Nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n, wọ́n sìn ín nínú àkámọ́, wọ́n sì dá àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí orí òkè. Ní ọdún 2008 ni ìwádìí fi hàn pé iṣẹ́ ìgbàlà náà ni ó gbé Bd dé erékùṣù, nítorí pé inú ilé tí wọ́n ti ń sìn ín ni wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀pọ̀lọ́ Áfíríkà kan tí ó gbé e. Èrò rere, ọwọ́ tí kò mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò sá fún un o: wọ́n gun òkè lọ, wọ́n kó àwọn ọmọ inú omi jáde, wọ́n fi itraconazole wẹ̀ wọ́n, wọ́n fa omi àwọn kòtò gbẹ, wọ́n fi oògùn apakòkòrò fọ àpáta, wọ́n sì dá àwọn ọmọ náà padà. Ìròyìn àṣeyọrí wọn jáde ní ọdún 2015.

Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn Mallorca, ara mi kò gbà á, torí ohun kan tí mi ò tíì kọ síbí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méje tí àwọn kọ̀ǹkọ̀ wọ̀nyẹn fi wà lọ́dọ̀ wa, èmi ni mo ń da omi wọn nù, ojú àgbàrá tí ó lọ sínú odò ni mo sì ń dà á sí, odò tí àwọn ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ wa tí ó kù nínú igbó ń gbé. Nígbà tí a lọ yẹ odò náà wò, Bd wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó lè sọ bóyá ọ̀dọ̀ wa ni ó ti lọ, ó sì lè jẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé iṣẹ́ náà. Mo ti gbìyànjú láti fi èyí tu ara mi nínú, kò ṣiṣẹ́.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀kán omi tí ń jáde ní yàrá náà láìjẹ́ pé a ti pò ó mọ́ bílíìṣì kí ó dúró, kí a tó dà á sí kòtò tí kò kan odò. Yàrá àwọn àjèjì kò ní páálí mọ́. Ó kéré tán ọjọ́ 60 ni ẹran tuntun ń lò níbẹ̀, a sì ń fi òwú nu ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jáde. Àwọ̀n, garawa, bàtà òjò, yàrá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn lọ́jọ́ kan kò gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tí ara wọn dá lọ́jọ́ náà. Ìbọ̀wọ́ tuntun ni fún ẹran kọ̀ọ̀kan. Bàtà ni àwọn ènìyàn máa ń bá mi jiyàn lé lórí jù, pé ẹrẹ̀ kékeré kí ni yóò ṣe. Mo máa ń sọ fún wọn nípa igbó kan ní Netherlands, tí àwọn salamáńdà dúdú oníyẹ́lò ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ọdún 2010 títí kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí ó kù. Ìbátan Bd ni ó pa wọ́n, Batrachochytrium salamandrivorans, tí wọ́n fún lórúkọ ní ọdún 2013, tí ó bá òwò salamáńdà wọ Yúróòpù láti Éṣíà. Ó ń dá ihò sí ara wọn bí ẹni pé wọ́n fi sìgá jó o. Ní ọdún 2016 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de kíkó irú salamáńdà 201 wọlé nítorí rẹ̀, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Mo gbóríyìn fún wọn fún ìyẹn, torí pé àkókò tí ilé kò tíì jó ni omi wúlò jù.

Àwọn 19 tó là á já ti bímọ, àwọn ọmọ wọn sì ti tó tú sínú odò lójú ẹni tí kò bá mọ̀. A kò tú wọn. Irú rẹ̀ ni ó ń bá ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ wúrà ti Panamá fínra, tí wọ́n kó jáde nígbà tí Bd ń bọ̀ lọ́nà, tí wọ́n ń bímọ nínú àkámọ́ títí di òní, tí ohun tí ó lé wọn nílé sì ṣì wà nílé. Ti ọ̀pọ̀lọ́ Kihansi ní Tansaníà sàn díẹ̀: ọdún 2009 ni wọ́n kéde pé kò sí i nínú igbó mọ́, ọdún 2012 ni àwọn tí a bí nínú àkámọ́ tún padà sí ẹsẹ̀ ìtàkìtì omi Kihansi.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń lọ sí odò wa. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́sàn-án ni mo kà ní òru méjì, márùn-ún nínú wọn gbé Bd, méjì nínú márùn-ún náà sì lóyún ẹyin, tí wọ́n ta gìrì sá fún iná ọwọ́ mi bí ó ti yẹ kí ọ̀pọ̀lọ́ sá. Ìgbà kẹta nìyí tí mo ń rí ọ̀kan nínú wọn, mo mọ̀ ọ́n nípa àmì tí ó wà níkùn rẹ̀, àrùn náà sì wà lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo rí i. Ẹnìkan ní ilé iṣẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò mú un wálé kí a lè fi oògùn wẹ̀ ẹ́. Mo ní kí a fi í sílẹ̀ síbẹ̀.